Góòlù Mẹ́sàn-án Tí Gavin Gbá

Ìrọ̀lẹ́ ni, ní abúlé Wotaru ní erékùṣù Epi. Leisale jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń rin iṣu sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù olóògbé ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ náà ti kú, òun ló ń yan àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún abúlé. Gavin, òyìnbó Australia tó wá ṣe àbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì, já dé láti inú pápá tí àwọn ará abúlé ti ń dánra wò, òógùn bò ó.

"Màmá, ṣé ẹ rí mi? Mẹ́sàn-án! Èmi nìkan!"

"Mo rí ẹ. Èèyàn tó ga tó báyìí, ta ni ò ní rí i?"

"Iwájú ni kí ẹ fi mí sí lọ́la o. Ẹlẹ́dẹ̀ tí abúlé Sanebo ní ká wá gbà bí a bá borí wọn yẹn, tiwa ni."

"Ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún ṣe?"

"Ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni."

"Ikú ọkọ mi á pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ní Sátidé, a ó sì sàsè. Bí a bá pàdánù lọ́la, adìẹ ni màá pa fún ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ gbogbo yín ní bọ́ọ̀lù."

"Ẹ ò rí i pé ẹ nílò mi! Ẹ wo Malon tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wọn, bó ṣe fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó rí mi."

"Ó yà fún ẹ ni."

"Torí pé mo yára!"

"Ìwọ? Adìẹ mi tó ń sàba yára jù ẹ́ lọ."

"Kalsau aṣọ́lé wọn ńkọ́? Mo dé iwájú ẹ̀, ó jókòó! Màmá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀! Nílé wa, kò sẹ́ni tó jókòó fún mi rí."

"Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu."

Leisale gbọn iṣu kúrò lọ́wọ́.

"Ta ló pín yín lónìí?"

"Èmi ni. Mo ní kí àwọn ará òkè wà pẹ̀lú mi, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ dojú kọ wá. Ètò nìyẹn!"

"Ètò, lóòótọ́. Ọjọ́ tí o dé, kí ni olóyè ní o dà?"

"Ọmọ yín. Ẹ so ewé mọ́ mi lọ́wọ́, a ya fọ́tò."

"Fọ́tò lo rí. Ilé wa ló wà lókè. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ la ti ń fẹ́yàwó. Àna ẹ ni gbogbo wọn! Níbí, a kì í na ẹsẹ̀ sí àna, a kì í dínà mọ́ ọn, a kì í jẹ́ kí orí wa ga ju tiẹ̀ lọ. Ọkọ mi máa ń pò wá pọ̀, ará òkè á máa kojú ará òkè, kí àna má baà kojú àna. Ìwọ dé, o ní ètò."

Gavin wo pápá, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi?"

"Mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án, àwọ̀n tiwa lo gbá a sí. A ti yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ọmọ mi tó ń ṣọ́lé rẹ́rìn-ín títí, kò lè mú un."

"Sanebo ńkọ́? Àna mi náà ni wọ́n?"

"Wọn ò mọ̀ ẹ́ rí. Wọ́n á gbá ọrùn ẹsẹ̀ ẹ lọ sínú òkun."

"Ó dáa. Ẹ ò ní fi mí sí i lọ́la nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? O máa gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iwájú gan-an ni."

Gavin fò sókè.

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi!"

"Ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Sanebo ń ṣàìsàn, wọn ò pé. Láti ìgbà tí o gbá góòlù kejì wọlé ni mo ti ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti yá wọn ní ẹ."

"Sanebo? Kí n máa gbá a fún wọn?" Ó dúró, ó ronú, ojú rẹ̀ là. "Hà! Màmá, ẹ ti ṣì í ṣe! Malon á yà fún mi, Kalsau á jókòó. Màá tún gbá mẹ́sàn-án!"

Leisale ká ewé bo iṣu, ó so ó dáadáa.

"Kalsau ò ní gbá a lọ́la. Malon, iwájú ló máa wà. Àwọn ọmọ mi mẹ́rin ni mo tò sẹ́yìn, ìkarùn-ún á ṣọ́lé. Àna kọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ ni wọ́n, wọn ò ní yà fún ẹ. Orí ẹní wọn lo sì ti ń sùn látọjọ́ tí o ti dé. Ẹsẹ̀ ń yún wọn."