Ọta-ò-bà-mí Gbé Àmì Ẹ̀yẹ Sí Àyà Ọ̀tún

Bí ẹ bá kí Ọta-ò-bà-mí pé "Ẹ káàárọ̀," ogun ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ ní òjò fẹ́ rọ̀, á ní, "Òjò kẹ̀? Òjò ọta ni èmi mọ̀." Ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín, á ní kò sí ọ̀tá tó rí ẹ̀yìn òun rí.

Òótọ́ ni. Wọn ò kúkú rí iwájú rẹ̀ náà. Láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ológun títí dọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, yàrá ìkẹ́rùsí ló wà, kúbùsù ló ń pín. Ọta ò bà á lóòótọ́! Ta ni yóò wá yìnbọn sáàárín kúbùsù?

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo, ti pé ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì jalè. Ìyẹn ì bá tó èèyàn. Àmọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ rí ọkọ, bàbá ọkọ sì jẹ́ ọ̀gágun àtijọ́, ojúlówó, ẹni tó gbọ́ ìró àgbá débi pé etí rẹ̀ kan ò gbọ́ nǹkan mọ́. Àná pe àná: "Ẹ jẹ́ ká pàdé níbi ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti lọ. Ẹ wọ àwọn àmì ẹ̀yẹ yín wá o."

"Àwọn"! Ọ̀rọ̀ yẹn gba oorun lójú rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí i pé àgbà kì í wà lọ́jà kó má ra nǹkan. Ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ọjà àlòkù lọ, ó ń ṣa mẹ́dàlì bí ẹni ń ṣa tòmátì, ó ń yan èyí tó pọ́n.

Ó kó wọn dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Télọ̀ ní, "Bàbá, ṣé kí n rán wọn mọ́lẹ̀ gbagidi kí wọ́n má mì, àbí kí n gbé wọn kọ́ kí wọ́n máa fì?"

"Kí wọ́n máa fì! Kí wọ́n máa dún! Ṣé ológbò ni mí, tí n ó fi yọ́ wọlé?"

Télọ̀ bá fi rìbọ́ọ̀nù so gbogbo wọn rọ̀ sára irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi píìnì sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ọta-ò-bà-mí gbé àwòrán ọ̀gágun kan síbi dígí, ó ń wo àwòrán, ó ń wo ara rẹ̀. Apá ibi tí mẹ́dàlì wà nínú àwòrán ló fẹ́ kó wà nínú dígí. Ó bá á dọ́gba gẹ́lẹ́. Dígí tó ń sọ ọ̀tún di òsì kò sì bá a sọ nǹkan kan.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Bàbá ọmọ mi, àyà òsì ni mo máa ń rí i lára àwọn sójà o."

"Nínú èmi àtìwọ, ta ló lọ sógun?"

"Kò sí," ni obìnrin náà fèsì, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, sójà kan wo àyà bàbá, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, bàbá."

Ọta-ò-bà-mí mirí bí ẹni tó ti rí ayé. Sójà fi òdòdó funfun sí i láyà, ó dì í lápá mú, ó mú un lọ síwájú pátápátá. Iwájú! Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lọ, ó lọ jókòó ti àná lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ jókòó gẹngẹ. Kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé opó ló yí òun ká, aṣọ dúdú lọ súà.

Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún àwọn olóògbé. Gbọ̀ngán pa rọ́rọ́. Ọta-ò-bà-mí mí.

Wòrò.

Ó di èémí mú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ọrùn rẹ̀ le. Nígbà tí èémí já, wòròwòròwòrò, bí ẹni da agbọ̀n ṣíbí sílẹ̀! Etí àná tó ti kú láti ọdún gbọọrọ, ó jí.

Olóòtú ètò yíjú sí i pẹ̀lú àánú. "Bàbá wa, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ìrántí díẹ̀. Ta lẹ wọ̀ ọ́ fún? Ẹ̀gbọ́n ni, àbí ọmọ?"

"Ta ni mo wọ̀ ọ́ fún báwo? Èmi ni mo ni ín!"

"Háà! Àyà òsì ni ẹni tó ni ín ń wọ̀ ọ́ sí. Ẹbí òkú ló ń wọ tòkú sí ọ̀tún. Bàbá, àbí ẹ ti kú ni?"

"Ó… ó kù díẹ̀ nígbà yẹn!"

Ẹ̀rín bú. Ó fa irin náà tu láti gbé e sí òsì, kóòtù ya fààà, mẹ́dàlì kan yí gbirigbiri lọ sẹ́sẹ̀ ìyá àgbà tó jókòó tì í. Màmá ṣà á. "Báwo lẹ ṣe gba eléyìí?"

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́. "Màmá, odò kún! Ọ̀tá ń yìnbọn! Mo gbé ọ̀gá wa pọ̀n, mo lúwẹ̀ẹ́ kọjá!"

Màmá nu awò ojú rẹ̀, ó yí mẹ́dàlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo etí rẹ̀ tí wọ́n fín orúkọ sí. "Orúkọ ọkọ mi rèé. Ìgbà tá a kó kúrò nílé àtijọ́ ló sọnù. Ọkọ mi ò sì mọ̀wẹ̀. Fèrè ló ń fọn fún wọn."

Àná dìde lẹ́yìn. Ìyàwó Ọta-ò-bà-mí ti gbà pé ó parí, ọmọ àwọn ti pàdánù ọkọ. Ọ̀gágun rìn débẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àná rẹ̀ léjìká. "Ọmọ yín dára. A ó fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ ni kó máa bá wa sọ̀rọ̀."

Ara tu ọkùnrin wa. Ó gbọn kóòtù tó ya, ó tún fẹ́ jókòó gẹngẹ síwájú níbẹ̀. Màmá fi ọwọ́ bo àga náà.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹbí òkú ló ń jókòó síbí yìí, kò tíì kan ilé yín. Ẹ lọ kú ná."