Agbọ̀n Ìyá Sídóní

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, ta ló bá yín wọ̀n ọ́n wò? Ẹ rọra jókòó. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ojú gbogbo abúlé ló ṣe, àwọn ajá pàápàá sì wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe agbọ̀n kankan ní abúlé Ìdí-Iyeyè. Iṣu wà nínú òmíràn, adìẹ ń sàba nínú òmíràn. Ìbídùn ń mu ẹ̀kọ gbígbóná níwájú ilé. Ọmọ Ìlá ni. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní abúlé yìí, ní ìkọjá ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n sì ń sọ Faransé nílé ìwé. Ó mu ẹ̀kọ tán, ó nu ẹnu, ó lọ bá Bàbá Láàlẹ̀, olórí àwọn òbí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa. A ó kàn máa jókòó, a ó máa fi Gẹ̀ẹ́sì tàkúrọ̀sọ."

Bó ṣe dárúkọ ẹgbẹ́ báyìí, ó bùṣe.

"Ẹgbẹ́!" Bàbá Láàlẹ̀ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ni Ìyá Ẹgbẹ́?"

"Kò sí, Bàbá. Ìtàkúrọ̀sọ lásán ni."

"Ẹgbẹ́ tí kò níyàá? Ọmọ òrukàn lo fẹ́ bí yẹn. Ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń ṣẹgbẹ́, gbọ́ òfin lẹ́nu mi. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lóyè. A kì í tú ìpàdé ká nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí ọdún bá sì parí, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pín nǹkan. Èyí tí kò bá pín nǹkan, títú là ń tú u ká. Kí lẹ ó pín?"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Ọ̀rọ̀ la ó pín, Bàbá! Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ! Kálukú yóò gbé tirẹ̀ lọ sílé."

Nígbà tó lọ tán, Bàbá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí gbọ́n. Kò fẹ́ dárúkọ màlúù tí wọ́n fẹ́ pín, kí àwọn olè má baà gbọ́."

Oyè ni wọ́n fi ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ. Wọ́n yan Bàbá Ẹgbẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n yan Ìyá Ẹgbẹ́, Balógun, àti Olùtọ́jú Àga. Oyè ti tán kó tó kan Sídóní, ọmọbìnrin tí ojú máa ń tì débi pé orí ló fi ń dáhùn ìkíni. Wọ́n bá fi í jẹ Igbákejì Olùtọ́jú Àga. Àga kan ṣoṣo ló wà.

Ìbídùn fara dà á. Díẹ̀díẹ̀, àwọn olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn. Sídóní nìkan ni kò sọ nǹkan. Ó ń nu àga.

Lẹ́nu ará ìlú, màlúù ń bí sí i. Wọ́n ní ọ̀kan ni, ó di méjì, ẹnìkan sì búra pé òun gbọ́ igbe ẹ̀kẹta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun agbọ̀n tuntun tí wọn yóò fi gbé ìpín lọ sílé. Bí oyè ọmọ bá ṣe tó ni agbọ̀n rẹ̀ máa tó. Ìyá Sídóní, tó ń yan gàrí, kò gbà.

"Igbákejì lọmọ mi, kì í ṣe ìdajì! Ebi mọ oyè ni?"

Ó ní kí wọ́n hun agbọ̀n tí màlúù lè dùbúlẹ̀ sí. Ìta ni wọ́n ti hun ún. Wọ́n fẹ́ gbé e wọlé, kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n yọ férémù ilẹ̀kùn, kò gbà. Wọ́n bá gbé e lọ sí iwájú ilé ìwé.

Lọ́jọ́ tí ọdún parí, Ìbídùn dé ibẹ̀, ó bá agbọ̀n ní ìlà gbọọrọ. Ata ti kúnná. Omi ń hó nínú ìkòkò. Àwọn ajá ti jókòó, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn.

"O kú iṣẹ́ o, Tíṣà," ni Bàbá Láàlẹ̀ wí. "Mú un jáde."

"Kí ni, Bàbá?"

"Ohun tí ẹ fẹ́ pín."

Ìgbà yẹn ló yé e. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ni mo wí. Ọ̀rọ̀ gan-an."

Bàbá wo ìlà agbọ̀n náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ó dáa. Kí wọ́n sọ ọ́ sínú agbọ̀n, ká wò ó. Bí kò bá kún, ẹgbẹ́ tú ká nìyẹn. Kí ọmọ kálukú padà sídìí ẹ̀gẹ́ bíbó."

Balógun bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbọ̀n tirẹ̀, ó kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ó bi í ní orúkọ, ó sì dúró kó dáhùn. Ìyá Ẹgbẹ́ sọ fún tirẹ̀ pé àwọ̀ búlúù lòun fẹ́ràn. Bàbá ń ki ọwọ́ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ ọ́. "Òfìfo. Òfìfo."

Ó ti la ẹnu láti tú ẹgbẹ́ ká nígbà tí Sídóní gun agbọ̀n ìyá rẹ̀, tó sì kó sínú rẹ̀. Wọn kò rí i mọ́. Ohùn kan jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó sọ̀rọ̀ nípa àga, nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì àti gbogbo ẹni tó ti jókòó sí i. Láti orí àga, ó dé orí gàrí. Láti orí gàrí, ó dé orí bàbá rẹ̀ tó ti kú, àti bó ṣe máa ń súfèé bó bá ń ti oko bọ̀. Ìbídùn ń nu ojú.

"Ata ni," ni Bàbá wí fún un. "Sún kúrò níbẹ̀."

Omi inú ìkòkò gbẹ. "Ó tó, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ ti tú..."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá!" ni Ìyá Sídóní ké. "Ọmọ ẹgbẹ́ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Òfin ta ni?"

Òfin Bàbá fúnra rẹ̀ ni. Ó jókòó, ó ń dúró kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí ohùn Sídóní há, Balógun kó sínú agbọ̀n, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ajá kan dìde, ó lọ sílé. Bàbá na apá sínú agbọ̀n dé èjìká, ó fọwọ́ wá ìdí rẹ̀. Orí Balógun nìkan ló bà.

"Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ gbọ́ o! Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n!" Ó gbé àwo rẹ̀, ó tẹ̀ lé ajá.

Ìpàdé yẹn kò tíì tú ká. Bí ẹnu bá ti ń ro ọ̀kan, òmíràn á wọlé. Ìbídùn ti padà sí Ìlá, Bàbá Láàlẹ̀ ti sùn. Agbọ̀n náà ṣì wà níwájú ilé ìwé, nítorí kò gba ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Mo bẹ inú rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n lóòótọ́: ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, àyè ẹlòmíràn sì kù.