Téèpù Tó Sùn ní Dansoman

Ọjọ́ tí kò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀ ni ọjọ́ Mọ́ńdè tí kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́ wa kú pátápátá. Àwa la máa ń bá àwọn oníṣòwò Accra gba ẹrù jáde ní èbúté, èmi ni mo sì ń ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn sórí téèpù. Òfin ni pé téèpù kò gbọdọ̀ sùn sí ọ́fíìsì, kí iná má baà jó òun àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Torí náà, gbogbo Fúráídè ni mò ń gbé e lọ sílé Màámi ní Dansoman.

Àìsàn ti wà lára ẹ̀rọ tó ń ka téèpù náà tipẹ́. Bí mo bá nu ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Bí mo bá ki téèpù tó tilé dé bọ̀ ọ́, á ní òun ò rí i kà. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo lọ ra òmíràn ní ọjà Circle. Mo bú ọyẹ́, mo bú dumsor tó ń múná lọ, mo bú ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ òòlù ṣáà ń wù mí í mú. Gbogbo ìgbà tí mo bá délé ni mò ń bẹ Màámi pé kí wọ́n bá mi gbàdúrà sí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, ọ̀gá mi, obìnrin Ga kan tí kì í pariwo, dúró sẹ́yìn mi. Ó ní bí ìwé àwọn oníbàárà ò bá jáde lónìí, kí n má wá lọ́la. Mo so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, mo kó gbogbo téèpù tó wà nílé Màámi wá, kò sí èyí tí ẹ̀rọ rí kà. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré ara ọ̀kan, ìka mi yọ̀. Òróró ólífì ni.

Mo pe Màámi.

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n gbàdúrà sí i?" ni wọ́n wí. "Mo ta òróró ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Èyí tó ń dà ọ́ láàmú jù, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀ kó lè wọnú."

Bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ sí i ni wọ́n ń fi kún un! Inú bí mi, mi ò sì rẹ́ni bá jà. Ibẹ̀ ni mo rántí pé téèpù Fúráídè tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bọ́ọ̀lù ni mo sáré lọ wò, mo gbàgbé òfin. Mo nu ẹ̀rọ, mo ki í bọ̀ ọ́, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀gá yìn mí pé mo mọṣẹ́. Mo fẹsẹ̀ ti dúrọ́ọ̀ mi pa.

Ẹ̀kọ́ mi ni pé ẹni tó bá ń tọrọ àdúrà, kó sọ ibi tó fẹ́ kí òróró mọ. Téèpù ò wọ yàrá Màámi mọ́, orí mi ni mò ń gbé fún wọn. Fúráídè tó kọjá, wọ́n da òróró sí i, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

"Èyí ò nílẹ̀kùn," ni wọ́n wí. "Báwo ló ṣe máa wọnú?"

Mo rẹ́rìn-ín, òróró sì ń ṣàn wọ̀ mí lójú.