Ẹ Yọ Ogójì Kúrò Nínú Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àléébù bàbá àgbà yìí fún yín kí n tó sọ oore rẹ̀, torí àléébù náà ni kì í jẹ́ kéèyàn tètè rí oore. Bàbá kò lè rí iṣẹ́ oníṣẹ́ kó má sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Bàtà já? "Mo lè ṣe é." Òrùlé ń jò? "Mo lè ṣe é." Àdúgbò kúkú sọ ọ́ ní Mo-lè-ṣe-é, bàbá sì gbà á bí oyè.

Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Bàbá ní bí oògùn kan ò bá ràn, kéèyàn po mẹ́tàlá pọ̀. Ó ya fọ́tò: orí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà gbogbo ẹbí hàn kedere. Ó sin oyin: oyin kó lọ sílé aládùúgbò, wọ́n sì tún padà wá ta á. Ó rán ṣòkòtò kan tí kò ṣeé jókòó nínú rẹ̀. Ìyá àgbà máa ń sọ pé, "Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá yín ti gba gbogbo ọ̀nà, kò tíì dé ọjà."

Èyí tó wọ̀ ọ́ lára jù ni àtúnṣe aago. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti kékeré, ló máa ń bá a wá àwọn nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ tó bá bọ́ sábẹ́ àga. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn bàbá bíi tirẹ̀.

Aago ògiri pálọ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni bàbá ti tún un ṣe, láti ìgbà àkọ́kọ́ ló sì ti ń fi ogójì ìṣẹ́jú ṣíwájú gbogbo ayé. Ẹ dá a padà, kí ẹ tó jẹun tán, ó ti sáré padà síbi ogójì rẹ̀, á wá máa rìn jẹ́ẹ́ bí ọmọlúàbí. Ni gbogbo ilé bá ṣòfin: ẹ wo aago, ẹ yọ ogójì. Ọmọ-ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n yọ kó tó wọ ilé ìwé.

Ó dàgbà, ó kàwé gboyè, kò ríṣẹ́. Ọdún méjì gbáko ló fi jókòó sílé. Nígbà tó yá, ilé ìwé kan tí kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ń wá olùkọ́ ìṣirò. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹni tó bá pẹ́, kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la, bàbá gbé aago sílẹ̀ láti ọ̀sán, ó yọ ahọ́n síta, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ náà ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá pariwo, "Mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù! Jáde!"

"Bàbá, mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

"Mo ti tún un ṣe!"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín láti kíṣìnì. "Ẹ ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹjọ."

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án rèé! Mo fi irun orí mi búra!"

"Irun wo?"

Nígbà tí aago sọ pé mẹ́sàn-án, bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàtà ọmọ lọ́wọ́, ẹkún sì fẹ́ẹ̀ gbọ̀n ọ́n. Ọmọ yọ ogójì rẹ̀, ó ní mẹ́jọ kọjá ogún ni, ó fara balẹ̀ jáde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá a lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

"Mo tètè dé, àbí?" ó bi aṣọ́nà ilé ìwé.

Aṣọ́nà wò ó tìyanu-tìyanu. "Fún tọ̀la?"

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, na aago ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Mẹ́sàn-án ààbọ̀! Olùkọ́ ìṣirò tí kò mọ iye tí aago lù!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago ilé wa máa ń sáré ni. Lónìí ni kò sáré, ìyẹn ni mo fi pẹ́." Bó ṣe ń sọ ọ́ jáde ló ń gbọ́ bí kò ṣe mọ́gbọ́n wá. "Bàbá mi àgbà ló tún un ṣe."

Ọ̀gá àgbà gbórí sókè. "Bàbá wo? Èyí tó fi okùn so gíláàsì ojú mọ́ etí? Tó ní òun lè ṣe é?"

"Òun náà ni, mà."

"Aago ọ́fíìsì mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù méjì!" Ó nàka sí ògiri níbi tí ojú àmì roboto kan ti mọ́ ju ìyókù lọ. "Gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la. Kó sì máa rìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má yọjú síbí mọ́."

Ọmọ náà sunkún délé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ni wọ́n ti rí aago ilé ìwé. Ojú rẹ̀ pé, inú rẹ̀ ṣófo.

"Inú ẹ̀ dà, bàbá?"

Bàbá wo aago pálọ̀. Gbogbo ilé náà wo aago pálọ̀.

"Mo yá a lò ni."

"Yéè!" Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Mo ṣe bí àtúnṣe ni! Ìfun aago oní-aago ni! Ẹ dá a padà kíá!"

Bàbá gbé aago ilé ìwé sílẹ̀. "Bí mo bá tún tú u, méjèèjì ló máa kú. Mi ò lè ṣe é."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bàbá rí. Ìbínú ọmọ náà tán níbẹ̀ yẹn, torí ó rí i pé nítorí òun ni bàbá ṣe tú aago oní-aago.

"Inú tiwa àtijọ́ ńkọ́, bàbá?"

Inú agolo mílíìkì ló wà. Wọ́n kó o sínú aago ilé ìwé. Ó rìn! Kí ẹ tó ka ogún, ó ti fi ogójì ṣíwájú.

"Ṣebí ó ní kó máa rìn ni," bàbá wí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà gbé aago kọ́ ògiri, ó bojú wò ó. "Mẹ́sàn-án kọjá mẹ́wàá?"

"Mẹ́jọ ààbọ̀ ni, mà," ọmọ náà wí kí ọ̀gá tó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ yọ ogójì kúrò nínú rẹ̀."

Ọ̀gá wo ọwọ́. Mẹ́jọ ààbọ̀ géérégé. Ó fìka yí ọ̀pá aago. "Bó bá sọ pé méjì kọjá ogún?"

"Ọ̀kan kọjá ogójì."

"Méjìlá kọjá mẹ́wàá?"

"Mọ́kànlá ààbọ̀."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́. "Àwọn tó wá lánàá kò yára tó yìí. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àbí ta ló tún máa ka aago yìí fún wa?"

Bàbá gbọ́, ó fò sókè. "Ta ló wáṣẹ́ fún ọ?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀," ìyá àgbà dáhùn.

Bàbá ti kú báyìí, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, pàápàá bí àwọn olùkọ́ bá ké pè é wá ka aago ọ́fíìsì. Aago pálọ̀ ní tirẹ̀ kò parọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá, ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo ẹbí fi pẹ́.