Ìkòkò Irin Nínú Àpò Kílò Mẹ́jọ

Agogo méje àárọ̀ Sátidé ò tíì lù ní Mowe, Àlàájà Sọ̀fíyátù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹja yìnyín rẹ̀ ni, nígbà tí Hàkímù, ayálégbé rẹ̀ tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, yọ pẹ̀lú àpò ńlá lẹ́yìn. Àlàájà ti ń retí rẹ̀ látìgbà tó ti kírun àsùbáà. Ìdí tó fi ń retí rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì: ìkòkò irin kékeré kan tó ti fi aṣọ nù títí tó fi ń dán.

Hàkímù sọ àpò kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi sikéèlì yín wọn nǹkan."

"Káàárọ̀, Hàkímù. Ṣé ìwọ náà ti ń ta ẹja ni? Má gba oníbàárà lọ́wọ́ mi o!"

"Rárá o, mà. Àpò mi ni. Ẹgbẹ́ wa ń rìn lónìí. A máa gba Ọ̀fàdà, a máa sùn nínú tẹ́ǹtì lọ́nà oko, tó bá di ọ̀la, a dé Ìfọ̀."

"Mo gbọ́ nínú ilé lánàá pé ò ń gba Ọ̀fàdà lọ. Wọn ò sọ fún mi pé ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi rìn ín."

"Ẹsẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

"Ṣé ọkọ̀ ò ná ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ ni?"

"Ọkọ̀ wà, Àlàájà. A kàn ò ní wọ̀ ọ́ ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àlàájà, ó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ Ọ̀fàdà yẹn ló jẹ ẹ́ lógún. Ọ̀fàdà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sàúdátù ń gbé, ó sì ti pé ọdún méjì tí wọn ò ti kí ara wọn, nítorí ìkòkò ìyá wọn yìí kan náà. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ sí, àbúrò ló gbé e lọ. Nígbà tí orí Àlàájà padà wálé, ó fi ọ̀kadà rán an lẹ́ẹ̀mejì, Sàúdátù sì dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìkòkò ò lẹ́nu tó fi ń bẹ̀bẹ̀. Kí Àlàájà fúnra rẹ̀ lọ, ojú ń tì í.

"Kí lo wá fẹ́ wọ̀n nínú àpò tó o fi ń rìnrìn gbẹ̀fẹ́?"

"Òfin Ìbíwùnmí ni, mà, òun ni olórí wa. Àpò tó bá ti kọjá kílò mẹ́jọ, ẹni tó ni ín ò ní bá wa lọ. Ó ní sikéèlì tó fi ń gbé àpò kọ́ níbi tá a ti ń pàdé. Lóṣù tó kọjá, kílò mẹ́rìndínlógún ni mo gbé. A ò tíì kọjá Magboro tí mo fi jókòó sílẹ̀."

"Ìbíwùnmí wo? Nọ́ọ̀sì tín-ín-rín yẹn?"

"Òun ló gbé àpò mi sórí ọ̀kadà tó gbé mi padà wálé. Ọwọ́ kan ló fi gbé e, Àlàájà. Ó ń fi ọwọ́ kejì jẹ gúgúrú."

"Yéè! Ẹ̀tẹ́ ńlá!"

"Mo sì fẹ́ fẹ́ ẹ, mà."

"Pẹ̀lú gúgúrú yẹn náà?"

"Pẹ̀lú ẹ̀ náà, mà. Tí wọ́n bá tún dá mi padà lónìí, kí n yáa wá ilé sí ìlú míì."

Ó gbé àpò sórí sikéèlì. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí Àlàájà nìkan mọ̀ ní Mowe: sikéèlì yẹn, òpùrọ́ ni. Ọkùnrin kan ní Ibafo ló bá a fọwọ́ kan inú rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, láti ọjọ́ yẹn ni kílò mẹ́rin ti ń jẹ́ kílò márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

"Mọ́kànlá!" Hàkímù di orí mú. "Báwo ló ṣe jẹ́? Kí ni mo tún fẹ́ yọ? Ẹ wo búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín, mo ti gé ọwọ́ rẹ̀ dànù!"

Àlàájà gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí ni búrọ́ọ̀ṣì ṣe fún ọ?"

"Kó lè fúyẹ́ ni."

"O ò bá kúkú yọ eyín méjì sílé, ìyẹn náà á fúyẹ́."

"Àlàájà, ìmọ̀ ni nǹkan yìí o! Ẹ máa wò. Ọṣẹ, mo gé e kéékèèké. Aṣọ, ọ̀kan lára, ọ̀kan nínú àpò. Òfin wa ni pé ohun kan gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ wo aṣọ àǹkárá yìí. Mo lè fi nura, mo lè fi bora sùn, bí oòrùn bá mú, mo lè fi borí. Iṣẹ́ mẹ́ta!"

"Ìró ìyá mi ń ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ, kò sì wọ ẹgbẹ́ kankan."

"Ẹ dúró ná. Bá a ṣe ń to àpò ńkọ́? Ohun tó fúyẹ́ nísàlẹ̀, ohun tó wúwo láàárín, kó sún mọ́ ẹ̀yìn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ wá so bẹ́líìtì yìí mọ́ ìdí, ìdí lẹ máa fi gbé ẹrù, èjìká á sinmi."

"Hàkímù."

"Mà?"

"Bá a ṣe ń pọn ọmọ nìyẹn. Ọmọ mẹ́fà ni mo pọ̀n. Ta ló kọ́ ẹ ní tìrẹ?"

"Orí fóònù ni mo ti rí i, mà."

"Fóònù pọn ọmọ rí?"

Hàkímù yíjú sí àpò rẹ̀. Ó ti ń tú àpò, ó ń to nǹkan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà: tẹ́ǹtì, tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì.

"Ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé òtútù ń mú ọ ni?"

"Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, èyí tó nípọn lókè. Àwọn méjèèjì ni wọ́n á máa bára wọn fà á, wọ́n á fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, kò ní lé ròrò. Màá tún fi òrí pa àárín ọmọ ìka."

"Òrí yẹn nìkan lo tíì sọ tó bọ́gbọ́n mu láàárọ̀ yìí."

"Omi ló ń wúwo," ni Hàkímù sọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú olè. "Omi inú ọ̀rá, ìlàjì kílò ni ẹyọ kan. Mẹ́jọ ni mo gbé. Ìyẹn kílò mẹ́rin." Ó kó ọ̀rá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí sikéèlì. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Márùn-ún?"

Àlàájà yíjú sí òkè àjà, bíi pé aláǹgbá wà níbẹ̀.

"Márùn-ún, Àlàájà! Háà! Àwọn tó ń ṣe omi yìí mà bẹ̀rù Ọlọ́run o! Wọ́n ń bù lé e!"

"Kí Ọlọ́run... kí Ọlọ́run bù kún wọn," ni Àlàájà wí, ikọ́ sì gbé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àwọn olóòótọ́ ṣì wà láyé o. Ṣùgbọ́n oore wọn yìí fẹ́ pa mí lára. Mẹ́rin á dúró síbí, màá rí òmíràn rà ní Ọ̀fàdà. Sádíìnì agolo mẹ́ta yìí náà, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó gbé àpò sórí sikéèlì. Ọwọ́ sikéèlì gbọ̀n, ó dúró.

"Mẹ́jọ! Mẹ́jọ géérégé! Ìbíwùnmí, mò ń bọ̀!"

Ó ń jó lọ́wọ́ ni Àlàájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa ìkòkò jáde, tó sì gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ijó dúró.

"Kí nìyí, mà?"

"Bá mi gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fàdà. Ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì. Kò wúwo. Panla gbígbẹ díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀."

"Àlàájà. Irin ni."

"Kékeré ni."

"Irin kékeré ni! Mo gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ wá ń gbé ìkòkò fún mi!" Ó fi ìkòkò lé àpò lórí. "Mẹ́wàá! Ẹ wò ó! Mẹ́wàá!"

"Ohun kan, iṣẹ́ méjì, ìwọ lo sọ ọ́. Bí òjò bá dé, ṣebí wàá dé e sórí."

"Kí wọ́n lè máa pè mí ní Hàkímù Oníkòkò?"

"Kó ìbọ̀sẹ̀ ẹ sínú ẹ̀, kó má gba àyè."

Hàkímù ronú sí i díẹ̀. "Ìyẹn náà dáa o. Ẹ jẹ́ kí n kó ìbọ̀sẹ̀..."

"Nínú ìkòkò ìyá mi? O ò lójútì!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mà! Ẹ ò ṣe fi rán ọlọ́kadà?"

Àlàájà jókòó sórí àpótí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo ti fi rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́kadà á dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi á ní kó yí orí ọ̀kadà padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà, tí òógùn bò, tí ó ń mí hẹ́ẹ̀hẹ́ẹ̀, Sàúdátù ò lè ní kó máa gbé e padà. Mo mọ̀ ọ́n. Á fún ọ lómi mu. Tó bá ti fún ọ lómi, á bi ọ́ pé ta ló rán ọ. Wàá wá dárúkọ mi fún un. Ọdún méjì rèé tí mi ò gbọ́ kó pè mí ní Sọ̀fí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Hàkímù."

Hàkímù fọwọ́ nu imú. Àánú Àlàájà ṣe é gan-an, ṣùgbọ́n ó ń rí Ìbíwùnmí lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń rí gúgúrú.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Bí mo bá gbé kílò mẹ́wàá débẹ̀, ó parí fún mi nìyẹn. Tí mo bá padà dé, màá wọ ọkọ̀ gbé e lọ fún yín."

"Tó o bá wọ ọkọ̀, o ò ní làágùn."

"Ẹ má bínú, mà." Ó gbé ìkòkò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó so àpò mọ́ ìdí, ó kọrí sójú ọ̀nà.

Àlàájà wo ìkòkò, ó wo sikéèlì. Bó bá dákẹ́, ìkòkò padà sábẹ́ tábìlì nìyẹn. Bó bá sọ̀rọ̀, ohun tí Mowe máa pè é láti òní lọ, òun náà mọ̀ ọ́n.

"Hàkímù! Padà wá! Mẹ́wàá yẹn... mẹ́jọ ni."

"Mà?"

"Mo ní mẹ́jọ ni mẹ́wàá yẹn."

"Báwo ni mẹ́wàá ṣe ń jẹ́ mẹ́jọ?"

"Bó ṣe ń jẹ́ níbí nìyẹn."

Hàkímù wo sikéèlì. Ó wo ọ̀rá omi mẹ́rin tó wà lórí fírísà. Ó wá wo Àlàájà.

"Àwọn olómi yẹn..."

"Wọn ò bù lé nǹkan kan."

"Mo sì ti gbàdúrà fún wọn!"

"Àdúrà kì í bàjẹ́. Rọra sọ̀rọ̀."

"Títù kílò mẹ́rin tí mo rà fún ọjọ́ ìbí Ìbíwùnmí ńkọ́?"

"Mẹ́ta... lé díẹ̀."

"Ó sọ ọ́! Ó sọ fún mi pé ó kéré! Mo ní kó lọ yẹ ojú ẹ̀ wò! Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó lọ yẹ ojú wò, Àlàájà!"

"Mo jẹ̀bi. Dákun, má pariwo, àwọn èèyàn ti ń jí."

Hàkímù fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, àfi bó ṣe dédé yé e pé kílò mẹ́jọ tó gbé ò tó méje: àyè ti ṣí nínú àpò rẹ̀. Ó lè dá omi mẹ́ta padà síbẹ̀ báyìí. Ó na ọwọ́ sí omi. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ìkòkò. Àlàájà náà rí i. Ó mọ̀ pé òun ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́.

Hàkímù fi omi sílẹ̀, ó gbé ìkòkò.

"Òótọ́ kan lẹ sọ láàárọ̀ yìí, mà. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ méjì. Kó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ìbíwùnmí, kó gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín."

"Ọlọ́run á fún ọ ní Ìbíwùnmí yẹn! Á bí ìbejì fún ọ!"

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ máa tún sikéèlì yìí ṣe."

"Mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé."

"Kí ló dé tí kì í ṣe òní?"

"Òní Sátidé, èrò á pọ̀. Bí ẹja bá ṣàdédé pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣé wọn ò ní bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òní, Àlàájà. Àbí kí n gbé ìkòkò kalẹ̀?"

"Òní ni! Òní ni! Ìwọ náà mọ ọjà ná o."

Àlàájà fúnra rẹ̀ ló to ìkòkò sínú àpò, láàárín gbùngbùn, pẹ́kípẹ́kí mọ́ ẹ̀yìn. Ó fa bẹ́líìtì bí ẹní fa ọ̀já, ó sì fọwọ́ gbá a nídìí pẹ́pẹ́ bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà. Hàkímù mú ọ̀nà pọ̀n. Ó ti dé títì nígbà tí Àlàájà sáré jáde.

"Hàkímù! Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé panla inú rẹ̀, ìlàjì kílò ni o!"

Hàkímù dúró, ó yíjú padà.

"Àlàájà, ṣé ìlàjì kílò tiyín ni, àbí ìlàjì kílò ti Ọlọ́run?"

"Ti Ọlọ́run ni jàre! Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wọ̀n ọ́n fún, ọwọ́ ni mo lò!"