Àwọn Sójà Aláṣọ Funfun ti Ìgandò

Ẹni tó bá gbé isu kaná, kó tètè lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ Festus Ọdẹ́tọ́lá kì í jẹ́ kéèyàn gbóòórùn ohun tó ń jó. Ọkùnrin dáadáa ni Festus o. Kì í jalè, kì í mutí yó, kì í lu ìyàwó. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ẹnu rẹ̀ ti lọ sógun tí ara rẹ̀ ò dé.

Láyé ìjọba ológun yẹn, Sájẹ́ntì ni gbogbo Ìgandò ń pè é. Lábẹ́ igi dọ̀ngóyárò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, àga kan wà níbẹ̀ tí ẹlòmíì kì í jókòó lé. Àga Sájẹ́ntì ni. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Festus á fìdí lélẹ̀, á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, á wá fi àpá kan tó wà ní ojúgun rẹ̀ han àwọn èèyàn. Ó ní ọta ìbọn ni. Ó ní ọta mẹ́ta ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, òun yẹ méjì, òun wá mọ̀ọ́mọ̀ dúró de ẹ̀kẹta kó má baà lọ bá ọ̀gá òun lẹ́yìn. Àwọn èèyàn á mirí. Ẹlòmíì á fún un lóbì.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Festus gbé bárékè lóòótọ́, ilé ìdáná bárékè ṣá ni. Isu ló ń bẹ fáwọn sójà. Àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, òróró àkàrà ló ta sí i níjọ́ tó tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Abigail tí í ṣe ìyàwó rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Tí obìnrin yẹn bá ti ibi ìránṣọ dé, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, tó ní kí Bàbá Yẹ́misí jọ̀ọ́ bá òun bẹ isu kan péré, Festus á na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni ń fi wúrà hàn.

"Ọwọ́ tó ti di ìbọn mú kì í di ọ̀bẹ ìdáná mú mọ́. Èèwọ̀ sójà ni."

Abigail á bẹ isu rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ta ló fẹ́ kí ọkọ òun jẹ èèwọ̀?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ Festus ti lọ tirẹ̀ jìnnà, òtítọ́ ṣì ń dúró de mọ́tò ní bọ́sítọ́ọ̀bù Pleasure.

Ọdún tí wọ́n ń kó sójà lọ sí Làìbéríà ni ọ̀rọ̀ wá dàrú. Kọńtírákítọ̀ kan wà ní Ìkọ̀tún nígbà náà, Ilésanmí lorúkọ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé. Ọkùnrin yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ó ní òun á ṣí pápá kan sí Ìgandò níbi tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn sójà tuntun, òun á gba àwọn ọkùnrin wọlé, òun á ra bàtà fún wọn, òun á ra ìbọn, òun á sì ra ọkọ̀ ogun. Ìjọba sanwó. Owó náà ò kúkú sọnù, ó wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó ti di ilé alájà mẹ́ta. Lórí pápá Ìgandò, koríko nìkan ló wọṣẹ́ ológun.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ìjọba ń rán ọ̀gá kan bọ̀ wá fojú rí ohun tí wọ́n sanwó fún. Ilésanmí sáré jáde. Ó bèèrè kiri bóyá ẹnì kan wà tó mọ̀ nípa sójà, gbogbo ẹnu sì tọ́ka sábẹ́ igi dọ̀ngóyárò.

Ó bá Festus lórí àga rẹ̀, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀ ẹ́. Festus ì bá sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi ló ń wo ẹnu rẹ̀. Tó bá kọ̀, ta ni yóò tún máa pè é ní Sájẹ́ntì? Ta ni yóò máa fi àga sílẹ̀ fún un? Ẹyin lohùn, wọ́n ní tó bá bọ́ a fọ́. Festus ti fọ́ tiẹ̀ tipẹ́, ó ti fi dín ẹyin jẹ.

"Sójà mélòó lẹ fẹ́?" ló wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Festus délé, kò lè jẹun alẹ́.

Ibo ló ti máa rí sójà? Gbogbo ọkùnrin tó gbọ́ orúkọ Làìbéríà ní Ìgandò ló ti lọ kí ẹbí wọn lóko. Àwọn wo ló kù tó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tó ń gbọ́ àṣẹ, tó sì máa ń dé lásìkò? Àwọn ará ìjọ Aládùúrà tí Abigail ń lọ ni. Festus tọ Màmá Lucy, olórí ìjọ wọn, lọ. Ó ní ọ̀gá ìjọba kan ń bọ̀ wá sí pápá, ó fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fáwọn sójà tó ń lọ sógun, kí gbogbo ìjọ jáde nínú aṣọ funfun wọn. Inú Màmá Lucy dùn. Ó ní àwọn á kúkú fi ṣe ìdúpẹ́, àwọn á kó isu àti èso wá.

Ó ku ọkọ̀ ogun. Òkú lọ́rì kan wà lẹ́yìn ilé mẹkáníìkì tí adìẹ ń yé sí. Wọ́n wọ́ ọ dé pápá, wọ́n da tapólì bò ó, wọ́n ki páìpù omi bọ ọ́ níwájú. Tí èèyàn bá dúró lókèèrè, tó tún di ojú kan, ó fẹ́ jọ ọkọ̀ ogun.

Sátidé pé. Ọ̀gá àyẹ̀wò dé. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó wọ awò ojú, ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àwọn sójà mẹ́rin tí kì í ṣe àwàdà jókòó sínú ọkọ̀ tó gbé e wá. Festus wọ kákí tó yá lọ́wọ́ gáàdì kan, apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ọ̀gá wo àwọn ará ìjọ tí wọ́n tò lọ bíi lẹ́kẹ́lẹ́kẹ́ nínú aṣọ funfun. Ó bèèrè pé irú aṣọ ogun wo nìyí.

"Aṣọ ọyẹ́ ni, sà. Tí ọyẹ́ bá mú, ta ló máa rí wọn?"

Ọ̀gá mirí. Ó wolẹ̀. Ẹ sì mọ àwọn ará ìjọ yìí, tí wọ́n bá ti wọ aṣọ mímọ́, bàtà di èèwọ̀ nìyẹn. Lásán ni gbogbo ẹsẹ̀ wà. Ọ̀gá ní bàtà tí ìjọba rà dà? Òógùn bo Ilésanmí. Festus ní irà ló pọ̀ ní Làìbéríà, bàtà á kàn há sí i ni, àwọn yìí ni wọ́n ti kọ́ láti máa yọ́ rìn kí ọ̀tá má baà gbọ́.

Wọ́n dé ìdí ọkọ̀ ogun. Bí ọ̀gá ṣe na ìka sí tapólì, ohùn kan jáde láti inú rẹ̀: kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀.

"Rédíò ni, sà," ni Festus wí kíákíá. "Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀tá lè rò pé adìẹ ni."

Kò tíì pa ẹnu dé tí rédíò fi jáde lábẹ́ tapólì, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó gba ìdí bàtà ọ̀gá kọjá lọ jẹ ìdin.

Màmá Lucy ní tirẹ̀ rí i pé oòrùn ti ń mú, kò sì sẹ́ni tó tíì gbàdúrà. Ó mú agogo ìjọ, ó lù ú. Kí ni ará ìjọ máa ń ṣe tí agogo bá dún? Gbogbo wọn wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi iwájú orí kanlẹ̀, gbì! Ọ̀gá fò sẹ́yìn.

"Bí wọ́n ṣe ń yẹ ọta nìyẹn, sà," ni Festus wí.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní gbogbo ibi tí òun ti ṣàyẹ̀wò dé, òun ò rí sójà tó yára dọ̀bálẹ̀ tó èyí rí. Ó ní irú wọn ò gbọdọ̀ ṣòfò sí Ìgandò.

"Ní Mọ́ńdè, kí wọ́n máa lọ sí Làìbéríà. Sájẹ́ntì, ìwọ ni o máa ṣíwájú. Kódà, máa bá mi lọ báyìí."

Màmá Lucy gbé orí sókè nílẹ̀. "Làìbéríà kẹ̀? Ṣé àwa ni?" Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ogun funfun ti fọ́nká, àwọn kan ti dé ojú títì. Àfi Festus. Sójà méjì ti dì í lápá mú. Ó wó sílẹ̀ láìsí agogo.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Mi ò ṣe sójà rí láyé mi. Isu ni mo máa ń bẹ ní bárékè."

"Báyìí làwọn akíkanjú ṣe máa ń rẹ ara wọn sílẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ọta tó bà ẹ́ lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló ròyìn rẹ̀ fún mi."

"Òróró àkàrà ni, sà."

"Irọ́ ni. Ẹ gbé e sọ́kọ̀."

Ẹ gbọ́, ọjọ́ tí Festus sọ òótọ́ ni wọn ò gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí isu ìdúpẹ́ tí àwọn ará ìjọ sá fi sílẹ̀. "Ẹ fún mi lọ́bẹ!" ló ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́bẹ!"

Abigail tí kò bá wọn sá ló na ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé èso sí i. Festus gbá isu kan mú. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, isu ń yí lọ́wọ́ rẹ̀ bí òkòtó, èèpo ń bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ, tínrín bí awọ àlùbọ́sà, kò já, kò dúró, títí tó fi dé orí. Isu funfun ju sùtánà Màmá Lucy lọ. Fọganáísà tó wá wòran ké, ó ní, "Họ́wù!"

Ọ̀gá tẹ̀ ba, ó mú èèpo náà, ó gbé e sókè, ó gùn jù ú lọ. Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Mo gbà. Ẹni tó mọ isu bẹ tó báyìí, kò lè ráyè yìnbọn." Ó kọjú sí Ilésanmí. "Adìẹ yẹn ti kúkú sọ gbogbo ẹ̀ fún mi tipẹ́. Ó ku ìwọ. Bàtà ńkọ́? Ìbọn ńkọ́? Ọkọ̀ ogun ńkọ́?"

Ilésanmí wo Festus pé kó wí nǹkan kan. Festus ti mú isu kejì. Àyè tí wọ́n là fún Sájẹ́ntì nínú ọkọ̀, kọńtírákítọ̀ ni wọ́n gbé sí i. Nígbà tó yá, wọ́n ti ilé Ìṣẹ̀rí-Olófin yẹn pa, a sì gbọ́ pé ó ṣì ń ṣàlàyé bàtà.

Òtítọ́ ti rí mọ́tò wọ̀ ní Pleasure, ó sì ti sọ̀kalẹ̀ ní Ìgandò. Nígbà tí Festus máa fi dé ìdí igi, fọganáísà ti jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó fún un lóbì. Festus ní kò burú, ṣebí òun ò lọ Làìbéríà. Ó yà sílé.

Abigail ti ń dúró dè é. Kò bú u, kò bi í léèrè irọ́. Gbogbo isu ìdúpẹ́ tó kù ló kó jọ sáàárín ilé, ó fi ọ̀bẹ lé e lórí, òun náà sì lọ jókòó sórí àga tìmùtìmù ọkọ rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀.

"Bàbá Yẹ́misí," ló wí, "láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi lọwọ́ yìí ti wà níbí?"

Festus la ẹnu, kò rí ogun kankan níbẹ̀.

"Sájẹ́ntì, ọ̀tá ti tò sílẹ̀. Ẹ kọlù wọ́n."

Ó jókòó sórí àpótí, ó mú ọ̀bẹ. Títí dòní, èèpo kan ò já.