Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Daṣọ Bo Ráútà Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará ilé Tísà Ṣówándé! Ẹni tó ń wẹ̀, kó fi kànìnkànìn sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń fọṣọ, kó na ẹ̀yìn. Ìlú wa kò ju yàrá mẹ́sàn-án lọ, ṣùgbọ́n òfin dé o, òfin dé! Tísà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, pẹ̀lú bírò pupa tó fi ń máàkì ìwé kó tó fẹ̀yìn tì.

Kí ló fa òfin? Ìbíyẹmí, ọmọ Tísà, bímọ obìnrin sí Kánádà. Sátidé yìí ni ọjọ́ kẹjọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Tísà lọ́mọ, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ti ní orúkọ kan nínú fún ọmọ náà, orí fóònù ni yóò sì ti sọ ọ́. Wọ́n ní kó jáde wá sí pálọ̀, níbi tí Wáì-Fáì ń dé. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní wọn kì í gbé àgbà tọ ọmọ tuntun, ọmọ tuntun ni wọ́n ń gbé wá bá àgbà. Yàrá òun ló wà lẹ́yìn yìí, kí wọ́n gbé ọmọ wá síbẹ̀.

Tísà kò rí ọ̀rọ̀ náà já. Ló bá ra ráútà tuntun mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń pín Wáì-Fáì kiri ilé, irú èyí tí ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ èkejì, bí àwọn lébìrà ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù síra wọn. Ọ̀kan di ti pálọ̀, ọ̀kan di ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan di ti yàrá Ìyá Àgbà.

Ọjọ́rú ni wọ́n dán an wò. Ìyá Àgbà wé gèlè, ó rọra pe orúkọ náà sétí fóònù, àwòrán sì dì gbagidi. Iwájú orí Ìbíyẹmí nìkan ló kù lójú fóònù, kò mira, kò fèsì, lẹ́yìn náà ó ṣókùnkùn. Ìyá Àgbà kò bá ẹ̀rọ wí. Ó ní wọ́n ti gbọ́, orúkọ òun ni kò wù wọ́n. Ó tú gèlè. Láti Ọjọ́rú kò fi oúnjẹ kan ẹnu, àfi ẹ̀kọ mímu díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Tísà wọ egungun.

Ta ló pa ráútà? Nǹkan tuntun ni, ẹ sì mọ bá a ṣe ń ṣe nǹkan tuntun nílé yìí. Ti pálọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwo àlejò, tòun ti ọ̀rá rẹ̀, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Màmá Ìbíyẹmí da aṣọ híhun funfun bo ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé òdòdó lé e. Ìyá Àgbà gbọ́ pé ó wọ́n, ló bá fi aṣọ òkè wé tirẹ̀ sínú àpótí irin, wáyà nìkan ló yọ síta.

Nítorí náà, Tísà pàṣẹ:

Ìkíní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ daṣọ bo ráútà mọ́. Òtútù kì í mú un. A tún un wí, òtútù kì í mú un! Ẹni tó bá bò ó, a ó gba aṣọ tirẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi lọ.

Ìkejì. Kí gbogbo ọ̀rá bọ́! Ọ̀rá ráútà, ọ̀rá rìmóòtù, àti ọ̀rá àga pálọ̀ tó ti ń lẹ̀ mọ́ àlejò nítan láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ìkẹta. Ẹ yọ ráútà àtijọ́ lára iná. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Fóònù yín ṣì ń lọ bá ráútà àtijọ́, wọ́n ń wárí fún ọba tó ti wàjà. Ẹni tó bá tún tàn án, orí igi máńgòrò ni yóò ti máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún oṣù mẹ́ta.

Ìkẹrin. Ní Sátidé, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo fóònù sùn, pàápàá ti Gbádébọ̀ àbúrò Tísà, tó ń wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá tán lọ́dún tó kọjá. Bó bá wò ó, ẹran ìkómọ rẹ̀ di ti ológbò.

Ìkarùn-ún. Ẹni tó ti ráútà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, kó jẹ́wọ́. Ibí yìí ni bírò pupa ti dúró díẹ̀. Tísà mọ ẹni náà. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Òfin karùn-ún ti ṣẹ láàárọ̀ yìí. Tísà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, nà gbalaja sórí ẹní ìyá rẹ̀. Ó ní òun lòun ti ẹ̀rọ mọ́lé, ẹ̀rọ ló sì dákú. Ó ní Ìbíyẹmí kò gbọ́ ohun kankan nínú orúkọ náà, àti pé láti Ọjọ́rú ló ti ń pè, tó ń béèrè kí ni Ìyá Àgbà pe ọmọ òun.

Ìyá Àgbà fa gèlè rẹ̀ mọ́ra. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ orúkọ òun nígbà náà? Tísà ní orúkọ náà gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà òun wá, kí ẹja inú ọbẹ̀ rẹ̀ má sì jẹ́ ìrù.

Bí wọ́n ṣe rán akéde nìyí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ ẹ. Akéde ti sọ tirẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ elétí.